Àpótí Yẹtí Fadérera

Ọ̀gúnrìndé káfíńtà ti pinnu pé Fadérera, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, kò ní lọ sílé ọkọ lọ́wọ́ òfo. Ó fi igi ìrókò kan àpótí kékeré tí ọmọ náà yóò máa kó yẹtí ìyá rẹ̀ tó ti dolóògbé sí. Ìgbéyàwó di ọ̀la, ó sì ku irin tí yóò so ìdérí mọ́ àpótí.

Ilẹ̀ ti ṣú, òun nìkan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù. Bó ṣe gbá ìṣó kan wọlé, ohùn obìnrin wá láti ẹnu ọ̀nà.

"Bàbá Fadérera, ẹ rọra, ọmọ ń sùn."

Ó gbé àtùpà wo ìta, kò rí ẹnikẹ́ni. Ó ní bóyá àárẹ̀ ni. Ó tún gbá òmíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, èérún igi ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹnìkan lẹ́yìn rẹ̀.

"Mo ní kí ẹ rọra."

Ọ̀rọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ nìyẹn nígbà tí Fadérera wà lọ́mọ ọwọ́. Òòlù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò lè bojú wẹ̀yìn.

"Mo ti gbọ́," ló dáhùn.

Ọwọ́ tútù kan gba ẹ̀gbẹ́ èjìká rẹ̀ kọjá, ó sì rọra pa ìdérí àpótí náà dé.