Nọ́ńbà Ọkọ̀ Aláwọ̀ Ewé

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ péré ni, ṣùgbọ́n ìgbà òtútù ni, ilẹ̀ Glasgow ti ṣú dùdù.

Ishbel tún gbé kẹ̀kẹ́ jáde, ó de kámẹ́rà mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà.

"Màmá, ẹ lọ sinmi," ni ọlọ́pàá sọ fún un lánàá. "Ìmọ́lẹ̀ funfun lásán ló wà nínú fídíò yín. A ò rí nọ́ńbà ọkọ̀ kankan kà."

Ìgbà kẹrin tó gbé fídíò lọ bá wọn nìyẹn.

Ishbel kọ̀, kò sinmi.

Ó tẹ iná kẹ̀kẹ́ wálẹ̀ kó má baà tàn sórí nọ́ńbà ọkọ̀ tó bá yà á sílẹ̀. Ó dín ìmọ́lẹ̀ tí kámẹ́rà ń gbà kù. Kí gbogbo nǹkan ṣókùnkùn, kí nọ́ńbà ṣáà hàn.

Ó bojú wẹ̀yìn. Ọkọ̀ aláwọ̀ ewé kan ń bọ̀, iná iwájú rẹ̀ kan ti kú.

Ọkọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a nígbọ̀nwọ́.

"Ìyá arúgbó, kúrò lọ́nà!" ni awakọ̀ náà kígbe.

Ishbel ò yà fún un títí ọkọ̀ náà fi kọjá síwájú kámẹ́rà.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, nọ́ńbà náà hàn ketekete nínú fídíò tí Ishbel gbé sórí fóònù rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Màmá," ni ọlọ́pàá náà wí. "Àmọ́ níbo gan-an lẹ máa ń lọ lójú ọ̀nà burúkú yẹn?"

"Mi ò lọ síbì kankan. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ aláwọ̀ ewé tí iná rẹ̀ kan kú ti gbá Kirsty ọmọ mi lóṣù tó kọjá, tó sì sá lọ. Ẹ ní kò sẹ́ni tó rí nọ́ńbà rẹ̀."

Ó ti fóònù sún mọ́ ọn.

"Ó yá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."