Ẹ̀dọ̀ Tí Kò Dé Ibi Àyẹ̀wò

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí dé òpin. Ẹ má fò ó.

1.
Obìnrin kan ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹran adìẹ wò, bóyá oògùn ṣì wà nínú rẹ̀, kó tó dé ọjà. Ẹ̀dọ̀ ni wọ́n ń lọ̀ fún àyẹ̀wò, torí ibẹ̀ ni oògùn ń sá pamọ́ sí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń sin adìẹ, ó sì ń fún wọn ní pẹnisílìn. Ó yẹ kó dúró fún ọjọ́ mẹ́wàá kó tó pa wọ́n. Kò ní sùúrù. Àyà adìẹ ló gbé wá fún àyẹ̀wò.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀dọ̀ dà?"

"Ṣé àyà kì í ṣe ara adìẹ ni? Àbí igi ni mo gbé wá?"

Àbúrò rẹ́rìn-ín. Ó yẹ àyà wò, ó wá kọ ọ́ sínú ìwé pé: "Ẹ̀dọ̀. Ó mọ́."

Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀.

2.
Ẹ ò bi mí pé níbo ni àwọn ẹ̀dọ̀ náà ń lọ? Àbúrò náà ò béèrè.

Ìyá wọn ò léyín mọ́; ẹ̀dọ̀ nìkan ni ẹran tó ṣeé jẹ fún un. Ọmọkùnrin rẹ̀ ń kó o wá fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

"Àkọ́bí mi ò jẹ́ kí ojú ẹran pọ́n mi," ló ń wí fún àwọn aládùúgbò. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ léyín, ẹ máa họ egungun lọ!"

Bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ méjèèjì mọ̀ pé abẹ́rẹ́ pẹnisílìn kan fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á nígbà kan rí.

3.
Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, màmá kò tíì fọ abọ́ tó fi jẹ ẹ̀dọ̀ tí ètè rẹ̀ fi wú.

"Ọmọ mi, ọ̀fun mi ń dí."

Nílé ìwòsàn, dókítà bi àwọn ọmọ méjèèjì pé: "Ta ló fún màmá ní pẹnisílìn?"

"Kò sẹ́ni tó fún wọn o!"

Kí ilẹ̀ tó ṣú, màmá ti kú.

4.
Nígbà tí ọmọbìnrin náà ń palẹ̀ yàrá ìyá rẹ̀ mọ́, ó ṣí fìríìjì. Ẹ̀dọ̀ kún inú rẹ̀, nínú ọ̀rá oko ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó mú ọ̀kan lọ síbi iṣẹ́, ó lọ̀ ọ́, ó kán oje rẹ̀ sínú ìgò. Bí ẹran bá mọ́, omi aláwọ̀ àlùkò inú ìgò á pọ́n bí ìyeyè. Wákàtí mẹ́ta kọjá. Àwọ̀ àlùkò náà kò yí padà.

Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, àwa la fún wọn."

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹran, ẹ dúró kí ọjọ́ oògùn pé. Ẹ̀yin tí wọ́n fi kálámù sí lọ́wọ́, ẹ má fọwọ́ sí ohun tí ẹ kò yẹ̀ wò. Àjèjì tí ẹ rò pé yóò jẹ ẹ́, ìyá ẹnì kan ni.

Bí a bá ń gbẹ́ kòtò ìkà, ká má gbẹ́ ẹ jìn. A kì í mọ ẹni tí yóò já sí i.