Ẹ Kú Ìnáwó

Sábó ní Zaria, ọdún 1966. Tẹlifíṣàn dé ilé Sàlíhù, pálọ̀ kún fọ́fọ́.

Gbogbo ẹni tó bá ti wọlé ló ń kí Sàlíhù: "Ẹ kú ìnáwó o!"

"Nàgódé, nàgódé. Olúwa á ṣe tiyín náà," lòun náà ń dá wọn lóhùn.

Nínú tẹlifíṣàn, àwọn ẹ̀rọ onírin kan tó ń rìn bí èèyàn ń ti ojúlé bọ́ sí ojúlé. Wọ́n ń lé onílé síta, wọ́n sì ń jókòó sórí àga wọn.

Sàlíhù pòṣé. "Ìwà ìríra gbáà! Kí lẹni ẹlẹ́ni ṣe fún wọn?"

"Hàbá, irin mà ni," Bàbá Babárìndé àgbà àdúgbò fèsì. "Irin ò lójú àánú."

Sarat ìyàwó Sàlíhù gbójú kúrò lára tẹlifíṣàn.

"Sarat, ṣé àwọn ẹ̀rọ yìí ló ń rí ẹ lára tó báyìí?" ọkọ rẹ̀ bi í.

Sarat jókòó pa lórí aṣọ tí wọ́n fi ń bo tẹlifíṣàn.

Ọmọ́lẹ́yẹ, àlejò míì, yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ kú ìnáwó o!"

Sarat dìde. Ó fa aṣọ náà yọ, ó tẹ́ ẹ bo ojú tẹlifíṣàn. Gbogbo pálọ̀ rí orúkọ tí wọ́n fi òwú pupa ṣe sí i lára.

NGOZI. Ìyá Ìgbò tó ń gbé ojúlé kejì, tó sá wọ rélùweè lọ́sẹ̀ tó kọjá, tòun tọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan.

"Ngozi ni kẹ́ ẹ kí," Sarat wí. "Òun ló náwó."