Àwòrán Tó Fajú Ro

Àràárọ̀ ni Fadérera, agbálẹ̀ ilé àwòrán àwọn olórí àná ìlú orí òṣùpá, ń kúnlẹ̀ kí wọn lára ògiri, ẹni tó kọ́kọ́ jẹ olórí ló ń ṣáájú. Bí àwòrán kan bá fajú ro, iṣẹ́ agbálẹ̀ bọ́ nìyẹn. Lónìí, ó ṣèèṣì kọ́kọ́ kí olórí kẹta, onírungbọ̀n funfun. Olórí àkọ́kọ́, tí wọ́n yà nígbà èwe rẹ̀, bá fajú ro.

"Ta ló kọ́kọ́ jẹ olórí nínú àwa méjèèjì?"

Fadérera sáré kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Ọ̀gá alábẹ̀wò, tó ń lé agbálẹ̀ tí àwòrán bá fajú ro sí, ti dé ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ... ẹ dákun, bàbá. Ojú yín ló ń dán, mo ṣe bí ọmọ bàbá onírungbọ̀n yìí ni yín."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Onírungbọ̀n, o gbọ́? Ó ní ìwọ lo bí mi!"

Ẹ̀rín ran gbogbo ògiri. Ọ̀gá wọlé, ó lanu sílẹ̀.

"Kí lo ṣe fún wọn?"

"Mo... mo kàn kí wọn ni, sà."