Olúlékè Tó Fi Ọ̀rá Di Ẹ̀rọ Lẹ́nu

Olúlékè, ọmọ ìlú Aládé ní Ìdànrè, kì í jalè, kò sì na ẹnikẹ́ni rí. Àìsàn tirẹ̀ ni pé kò mọ bí a ti ń sọ "rárá" fún ọ̀gá. Bí ọ̀gá bá ní òru ni ọ̀sán gangan, Olúlékè á ní kí wọ́n bá òun tan iná wá. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ìwà pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń pe èyí. Ìwà ojo ni o, ojo tó tún fẹ́ràn ìyìn.

Ìyá Fọláyan, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ló tọ́ ọ dàgbà, lójú tirẹ̀ kò sí ọmọ tó dà bí Lékè. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì kan fẹ́ fìdí kalẹ̀ lẹ́yìn oko kòkó Aládé, àwọn àgbà yarí. Wọ́n ní eruku rẹ̀ yóò pa kòkó, yóò sì pa ọmọ. Ilé-iṣẹ́ náà ṣèlérí pé àwọn yóò gbé ẹ̀rọ tó ń wọn eruku inú afẹ́fẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ilé-ìwé, ọmọ ìlú ni yóò sì máa kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá Fọláyan bá dìde láàárín ìpàdé.

"Lékè ni kí ẹ mú," ó ní. "Mo dúró fún un. Bó bá purọ́ fún yín, èmi ni mo purọ́."

Nítorí ọ̀rọ̀ yìí ni ìlú ṣe gbà. Olúlékè dé akoto funfun, ó ń gun ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ kiri. Lóṣooṣù ló ń lẹ ìwé mọ́ ògiri gbọ̀ngàn ìlú, nọ́ńbà ọjọ́ kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀, ó sì máa ń kọ ọ́ gàdàgbà sókè rẹ̀ pé, "Afẹ́fẹ́ Aládé mọ́." Ìyá Fọláyan kò mọ̀wé kà, síbẹ̀ á dúró nídìí ìwé náà, á máa rẹ́rìn-ín.

Ohun tí màmá kò mọ̀ ni pé kí oṣù mẹ́ta tó pé, nọ́ńbà eruku ti fò kọjá ààlà tí ìjọba fi lélẹ̀. Olúlékè gbé e lọ bá máníjà. Máníjà kò bú u, ó kàn fọwọ́ gbá a léjìká.

"Lékè, ìwọ tí orí rẹ pé báyìí, ṣé èmi ni n óò kọ́ ẹ lóhun tó o máa ṣe?"

Ìyìn yẹn ti tó o. Olúlékè mú ọ̀rá búrẹ́dì, ó fi di ẹ̀rọ náà lẹ́nu. Kí oṣù náà tó parí, ó kó ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Àkúrẹ́, ó ní nítorí ilé-ìwé ni.

Nígbà tó yá, Jésùtófínmi, ọmọ-ọmọ Ìyá Fọláyan, ọmọ ọdún méje, bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Bó bá sùn, àyà rẹ̀ á máa súfèé. Ewé kòkó ti funfun bí ẹni da èlùbọ́ sí i. Màmá fẹ́ gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Ọ̀wẹnà kó lè ráyè mí, àmọ́ ó kọ́kọ́ bi Lékè léèrè.

"Ẹ̀yin náà, Màmá!" ni Lékè fèsì. "Ẹ̀rọ ń bẹ níbẹ̀, ẹ̀rọ kì í purọ́. Ikọ́ lásán ni. Ẹ jẹ́ kọ́mọ máa lọ sílé-ìwé ẹ̀."

Màmá gbà á gbọ́. Ilé-ìwé tó ní kí ọmọ máa lọ sì rèé, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tó di lẹ́nu ló wà. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án oṣù kìíní, nínú ọyẹ́, Jésùtófínmi ṣubú lulẹ̀ ní kíláàsì. Dókítà sọ pé eruku ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́, pé kò ní lè sáré bí ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́ láyé. Nígbà tí màmá ti ọsibítù dé lẹ́yìn tí oṣù náà parí, gbọ̀ngàn ìlú ló gbà lọ. Mùsbáù tó ń ra kòkó wà níbẹ̀.

"Mùsbáù, bá mi ka ti ọjọ́ kẹsàn-án."

Mùsbáù fọwọ́ tọ ìwé náà. "Wọ́n ní afẹ́fẹ́ mọ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an, Màmá. Eruku rẹ̀ kò tó ti ìgbà òjò."

"Ọjọ́ wo? Ọjọ́ tí ọyẹ́ bo òkè, tá ò rí àpáta kan ṣoṣo ní gbogbo Ìdànrè?"

Ọmọ Ìdànrè tó bá jí tí kò rí òkè mọ̀ pé eruku ló gbé e pamọ́. Àmọ́ Àkúrẹ́ ni Olúlékè ti ń jí, kò wojú òkè kó tó kọ̀wé. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ọkàn Ìyá Fọláyan gbọgbẹ́. "Ó kó àwọn ọmọ tirẹ̀ sá, ó sì ní kí tèmi máa mí eruku!" Ohun tó ń sọ títí tó fi délé nìyẹn.

Màmá fi ọ̀rọ̀ náà tó àwọn àgbà ìlú létí, wọ́n pe àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, gbogbo wọn sì jọ lọ sídìí ẹ̀rọ, wọ́n bá ọ̀rá búrẹ́dì lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ti ilé-iṣẹ́ náà pa títí yóò fi ṣe asẹ́ tí yóò máa gba eruku sí ihò èéfín rẹ̀. Máníjà tó ń gbá Olúlékè léjìká yí padà lójú gbogbo èèyàn, ó ní, "Àwa ò rán an. Ọmọ yín ni, ẹ̀yin lẹ mú un wá." Wọ́n lé Olúlékè lẹ́nu iṣẹ́, ìjọba sì pè é lẹ́jọ́.

Ibo ló kù? Ó sáré lọ sílé Ìyá Fọláyan, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Màmá, wọ́n ti dà mí!"

Láti ọjọ́ tí màmá ti ń gbé e pọ̀n, "ìwọ" ló ń pè é. Lọ́jọ́ náà, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bí ẹni ń kí àlejò.

"Ẹ káàsán, sà. Ta lẹ ń wá?"

"Màmá, èmi ni! Lékè ni!"

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ ti ṣi ilé."

Ká ní ó gbá a létí ni, ara ì bá tù ú. "Ẹ" tí màmá pè é yẹn ló yọ ọ́ kúrò nínú ẹbí, Olúlékè sì mọ̀ ọ́n. Ó dìde, ó ń sunkún lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kàwé yìí, bí àwọn èèyàn yín bá fi yín ṣe ojú, ẹ má ṣe dijú nítorí ìyìn ọ̀gá. Ọ̀gá tó yìn yín lónìí ni yóò sọ lọ́la pé òun kò mọ̀ yín rí. Ẹ̀yin òbí náà, ẹ fẹ́ràn ọmọ yín, àmọ́ ẹ máa wojú òkè fúnra yín kí ẹ tó gba ìwé ọmọ gbọ́. Ẹni tó bá dalẹ̀ á bálẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló máa ń jìyà rẹ̀ ṣáájú.