Kí Agogo Ìjà Tó Lù

Ìyàwó bíríkìlà fi ahọ́n kan ojú eyín méjì tó ti ká. Nígbà tí akànṣẹ́ tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ràn ṣubú lọ́dún tó kọjá, ẹni tó lù ú wà ní Amẹ́ríkà. Ìyàwó ló wà nítòsí ẹ̀ṣẹ́ ọkọ. Ìrọ̀lẹ́ òní ni akànṣẹ́ náà tún fẹ́ jà, gbogbo ọkùnrin ilé wọn ní Wúsè sì ti há sídìí tẹlifíṣọ̀n.

"Ẹ lọ ra aṣọ òkú sílẹ̀ fún akànṣẹ́ yín o!" Àtàndá ló sọ bẹ́ẹ̀, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná tó ń gbé yàrá kejì. Òun ló là wọ́n lọ́jọ́ tí eyín ká.

"Àtàndá, pa ẹnu ẹ dé kí n tó bá ẹ pa á dé!" Bíríkìlà ti di ìkúùkù.

Ìyàwó rọra yọ́ jáde sí ọ̀ọ̀dẹ̀, ó fa fíúsì yọ lára mítà. Ilé ṣókùnkùn.

"Kai! Iná wà nílé kejì!"

"Àwa nìkan ni wọ́n gé tiwa?"

"Àtàndá ni!" Bíríkìlà kígbe. "Ó ti rán àwọn ará ọ́fíìsì ẹ̀ sí wa! Ó mọ̀ pé tiwa ló máa borí!"

Ẹ̀ṣẹ́ àkọ́kọ́ ba Àtàndá lẹ́nu. Àwọn yòókù bò ó, wọ́n ń gbá a nípàá.

"Wọláhì, mi ò mọ nǹkan kan!"

Ìyàwó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà. Eyín kan fò wá láti inú òkùnkùn, ó bà á lẹ́sẹ̀. Ó fi ahọ́n kan ojú eyín tirẹ̀, ó di ìkúùkù mọ́ fíúsì náà, kò sì là wọ́n.