Ìlà Tí Kò Ṣeé Pa Rẹ́

“Ọwọ́ rẹ rọ ni?” Ọ̀gá jágbe mọ́ ọn. “Kó tó di ọ̀sán ni ká fara mọ́ àwòrán títì tuntun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa yìí, tàbí ká takò ó!”

Obìnrin tó ń fi kọ̀ǹpútà yàwòrán fún un tẹjú mọ́ iṣẹ́. Fáìlì àwòrán náà wúwo bí àpò sìmẹ́ǹtì. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta oríṣi ìlà tó dà bíi pé ẹnikẹ́ni kò lò ló kún inú rẹ̀. Ó ń pa wọ́n rẹ́ kí fáìlì lè fúyẹ́, títí ó fi ku ẹyọ kan. Kọ̀ǹpútà kọ̀, ó ní wọ́n ń lo ìyẹn níbì kan. Ó wá a kiri inú àwòrán. Nígbà tó rí i, ó yíjú sí ọ̀gá.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo ìlà kan níbí.”

“Òmùgọ̀! Ta ló bi ọ́ léèrè ìlà? Fi ránṣẹ́, kọ ọ́ sí i pé a fara mọ́ ọn!”

“Ṣùgbọ́n, ọ̀gá...”

“Fi ránṣẹ́, àbí kó o gba ilé yín lọ!”

Ó fi ránṣẹ́.

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. “Ìlà wo wá lò ń kígbe lé lórí?”

“Èyí tí wọ́n fi ń sàmì sí ilé tí wọn yóò wó. Ilé yín ní àdúgbò Tokpota ni wọ́n fà á yí ká.”